Àwọn àṣìṣe tí ó ń ba ata ọgbà jẹ́ lẹ́yìn ìkórè

Ní Kétu, igi ata wẹ́wẹ́ mẹ́wàá péré ní ẹ̀yìnkùlé lè so ju èyí tí agboolé kan lè jẹ tán lọ bí òjò bá rọ̀ dáadáa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé òjò kan náà tí ó mú kí ata so ni kì í jẹ́ kí ó gbẹ, ọ̀pọ̀ nínú wa sì tún máa ń fi ọwọ́ ara wa bu omi kún un.

Ẹ má ṣe já igi ìdí ata kúrò kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nítorí ojú ibi tí ẹ ti já a ni omi yóò gbà wọlé, tí yóò sì máa bà á jẹ́ láti inú nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń dán.

Sísá ata sí etí títì ọlọ́dà yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku àti èéfín ọkọ̀ ni a ń sá mọ́ ọn. Pẹpẹ tí a ta àwọ̀n sí, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, sàn jù. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ la ata sí méjì, kí ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni dídì í sínú ọ̀rá nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Lọ́dún tó kọjá, mo di ata tí ó ṣì rọ̀ bí awọ sínú ọ̀rá mẹ́ta, mo sì so ó pinpin. Nígbà tí mo tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, irun funfun ti hù sí i lára, ó sì ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Ẹnìkan ní kí n tún un sá, kí n gún un. Mo dà á nù, nítorí pé ata tí ó bu lè ní májèlé aflatoxin tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí sísá àti sísè kì í sì í mú kúrò tán. Ata tí ó gbẹ dénú máa ń ṣẹ́ kẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, èso rẹ̀ á sì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí a bá mì í létí.

Ẹ má sì ṣe rẹ ata tútù sínú ìgò òróró kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ sí ilé ìdáná. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì lè pọ oró síbẹ̀ láìyí òórùn rẹ̀ padà. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dín in títí omi yóò fi fà, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́.

Omi lásán kì í mú oró ata kúrò lọ́wọ́. Òróró ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa á, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìyá mi máa ń wọ ọ̀rá sọ́wọ́ bí ó bá ń la ata, a sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ata nu ojú.