Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀ ní Ìlú Ọba wá sílé nígbà òtútù, ẹ gbọ́ nípa ọ̀dà ẹ̀

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wọlé lórí WhatsApp àwa ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tá a wà ní Ìlú Ọba tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò ló máa ń béèrè jù: mò ń lọ sílé ní Nofẹ́ńbà, ó lè di Fẹ́búárì kí n tó padà, kí ni kí n ṣe tí ọ̀dà mọ́tò mi ò fi ní bàjẹ́? Ẹnì kan fẹ́ lọ rúfù ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan fẹ́ ṣòkú ìyá ẹ̀ ní Ìperu, ẹlòmíì ò ní nǹkan kan tó fẹ́ lọ ṣe, òtútù ló ń sá fún, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń tètè rí gbà ni "ra tapólì, fi bò ó, máa lọ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn yẹn ti wá. Nílé, oòrùn àti eruku ọyẹ́ ló ń bá ọ̀dà mọ́tò jà, pẹ̀lú àwọn àdán tó ń jẹ fúrúùtù lórí igi inú kọ́ńpáùndì tí wọ́n ń ṣu sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò sílẹ̀ ní Ṣàgámù láti Disẹ́ńbà, tapólì gbà á lóòótọ́, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, nǹkan tó wà lábẹ́ tapólì á gbẹ náà. Ìlú Ọba ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òtútù fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà ní nǹkan kan, omi ló ń bà á jẹ́, omi àti iyọ̀.

Ẹni tí ò bá tíì lo ìgbà òtútù kan níbẹ̀ lè má mọ̀ pé iyọ̀ ni káńsù ń dà sójú títì. Tí wọ́n bá ti rí i pé ojú títì fẹ́ tutù débi tí omi á fi dì, lọ́rí máa jáde lóru, á máa fọ́n iyọ̀ káàkiri. Kì í ṣe iyọ̀ funfun tá a fi ń sebẹ̀ o, iyọ̀ òkúta ni, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n ń wà jáde lábẹ́ ilẹ̀ ní Winsford, ní Cheshire, ọdún 1844 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á níbẹ̀. Táyà yín á máa ta á sábẹ́ mọ́tò, sí etí ìlẹ̀kùn nísàlẹ̀, sí gbogbo kọ̀rọ̀ tójú ò tó. Iyọ̀ yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́: tí ọ̀rinrin bá ti kọjá bí ìdá 75 nínú 100, á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin Ìlú Ọba nígbà òtútù máa ń ju ìdá 80 lọ lọ́pọ̀ ọjọ́. Ìyẹn ni pé iyọ̀ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lára mọ́tò ò ní gbẹ títí tẹ́ ẹ ó fi dé. Ẹ wá lọ fi ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá bò ó, ó di ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n pọ́n sínú ewé, ooru ò ríbi jáde, omi á padà sára ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ tòkunbọ̀ rà nílé, wọn kì í sáré wo ẹ́ńjìnnì, abẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ wò, wọ́n á fọwọ́ pa etí ìlẹ̀kùn nísàlẹ̀ bóyá ọ̀dà ti ń wú, torí tó bá ti ń wú, irin abẹ́ ẹ̀ ti dógùn-ún nìyẹn.

Nítorí náà fífọ̀ ni iṣẹ́ gidi, bíbò kàn tẹ̀ lé e ni. Ẹ má fi di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ báálù. Ẹ wá ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá tí ojú ọjọ́ ṣì tó bíi dígírì 10, torí wax, ìpara tí wọ́n ń fi kun ọ̀dà kó máa dán kí omi má sì dúró lára ẹ̀, kì í mú dáadáa nínú òtútù, omi tẹ́ ẹ fi fọ mọ́tò náà sì lè dì sí ẹnu ìlẹ̀kùn. Omi lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tú u láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí iyanrìn àti iyọ̀ ti ṣàn lọ kí fóòmù tó kàn án. Iyanrìn tẹ́ ẹ bá fi fóòmù yí mọ́ ọn ló ń fa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ tí oòrùn bá tàn sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ máa lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ìkejì fún omi tẹ́ ẹ ó máa fi fọ fóòmù yẹn kẹ́ ẹ tó tún rì í bọ inú ọṣẹ. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò ni o, ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́, ńṣe ló máa ń họ wax tó wà lára ẹ̀ kúrò. Àwọn tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà fún pọ́n-ùn mélòó kan, mi ò ní kẹ́ ẹ má dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi fọ táyà kan ara mọ́tò yín.

Abẹ́ ni àwọn èèyàn wa kì í rántí. Ẹ ki họ́ọ̀sì sínú ibi tí táyà wà, ẹ jẹ́ kí omi bọ́ sábẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì wo ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí omi ń gbà jáde, ewé àti ẹrẹ̀ máa ń dí i, omi á wá dúró sínú ìlẹ̀kùn, irin á sì máa dógùn-ún láti inú wá sí ìta. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn àti búùtù kẹ́ ẹ nu etí wọn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wà á yí àdúgbò ká bí ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ tí títì gbẹ kí omi tó kù nínú kọ̀rọ̀ lè fẹ́ jáde. Tẹ́ ẹ bá tún wà á lẹ́yìn tí wọ́n ti da iyọ̀, kódà kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ yẹn lẹ lọ, ẹ tún fi omi ṣàn án.

Ọ̀dà mọ́tò ní ìpele: práímà tó lẹ̀ mọ́ irin, èyí tó ní àwọ̀, àti èyí tó ń dán lókè tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà. Kílíà yẹn fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, òun ló sì ń jẹ gbogbo ìyà. Ibi tí òkúta bá ti ta á tó fi kan irin, ibẹ̀ ni iyọ̀ ń bá wọlé, ẹ wò ó níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, létí ìlẹ̀kùn, àti lẹ́yìn táyà. Kóòdù ọ̀dà yín wà lára sítíkà tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ra ìgò kékeré, ẹ tọ́ ọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi wax sí i. Ti wax, èyí tí wọ́n fi ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil ṣe, carnauba, máa ń dán gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa ń lò. Fún ẹni tó ń lọ fún oṣù mẹ́ta, sealant, oríṣi èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ni kẹ́ ẹ rà, òun lè tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lára ẹ̀.

Ó wá ku ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìjọba ti wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní gáréèjì, ẹ kó páálí, ìkòkò àríyá àti kúlà inú ẹ̀ kúrò ná (Ìjẹ̀bú ni wá, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀). Gáréèjì tó gbẹ tí ò ní híítà dára ju èyí tó móoru lọ, torí tí iyọ̀ bá ṣì kù lára mọ́tò, ooru ló ń jẹ́ kó tètè jẹ irin. Tí kò bá sí gáréèjì, iwájú ilé tó jẹ́ tiyín dára, tàbí kẹ́ ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n kan tó ní àyè níwájú ilé. Ẹ má gbé e sábẹ́ igi. Oje igi, ewé tútù àti ìgbẹ́ ẹyẹ, tí wọ́n bá wà lójú kan fún oṣù mẹ́ta wọ́n á jẹ kílíà wọlé.

Tó bá wà lórí ilẹ̀ yín tí kò sí lójú títì, ẹ lè ṣe SORN fún un. SORN ni pé ẹ sọ fún DVLA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwé àti owó orí mọ́tò, pé mọ́tò yìí ò ní sí lójú ọ̀nà, ẹ ò ní san owó orí ẹ̀ fún àkókò yẹn, òfin ò sì ní mú yín pé ẹ ò ní ìnṣọ́ránsì. Ọ̀fẹ́ ni. Orí GOV.UK gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, torí àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbowó lórí ohun tí ìjọba ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá lo nọ́ńbà 11 tó wà nínú ìwé mọ́tò, V5C, lójú ẹsẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 16 inú lẹ́tà ìránnilétí owó orí mọ́tò lẹ lò, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni. Owó tẹ́ ẹ ti san sílẹ̀, wọ́n á dá èyí tó kù padà, ṣùgbọ́n oṣù tó pé nìkan ni wọ́n ń kà, ẹni tó bá ṣe é lọ́jọ́ kejì oṣù ti pàdánù oṣù yẹn, ẹ sì mọ̀ pé owó ò yẹ kó ṣòfò lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Tó bá jẹ́ Direct Debit, èyí tí wọ́n ń yọ fúnra ẹ̀ ní báńkì, lẹ fi ń san, á dúró fúnra ẹ̀. Sọ́wédowó tí wọ́n bá fi dá owó padà, àdírẹ́sì inú V5C ló ń lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó kúrò ní ilé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ yí i padà, òfin lè bu owó tó tó £1,000 lé ẹni tí ò bá yí i.

Ẹni tó ń páàkì sójú títì iwájú ilé ò lè ṣe SORN, ì báà ní pámíìtì káńsù. Ojú títì ni ojú títì. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́tò tó wà lórí SORN mọ́ lójú ọ̀nà lè dé kóòtù, owó ẹ̀ sì lè tó £2,500. Ẹni tí ò san owó orí mọ́tò tí ò sì ṣe SORN, £80 á wá bá a fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú títì ló máa wà, owó orí, MOT (àyẹ̀wò ọdọọdún pé mọ́tò ṣì dáa fún títì) àti ìnṣọ́ránsì ni kó pé títí tẹ́ ẹ ó fi padà.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, ẹ má kàn gé e pé mo ti ṣe SORN. Òfin ò béèrè ẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ olè àti iná ò mọ SORN. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ iye oṣù tẹ́ ẹ ò ní sí ńlé, ẹ béèrè èyí tó wà fún mọ́tò tí wọn ò wà. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò gbọ́dọ̀ fi mọ́tò sílẹ̀ kọjá iye ọjọ́ kan láìsọ fún wọn.

Ìbòrí wá kù. Inú gáréèjì, èyí tó rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni. Níta, ẹ wá èyí tó ń mí, tí inú ẹ̀ rọ̀ bí òwú, tó bá mọ́tò yín mu gẹ́lẹ́ tó sì ní okùn tí wọ́n ń so gba abẹ́, torí èyí tó bá tóbi ju mọ́tò lọ, atẹ́gùn á máa fì í, á sì máa fi ha ọ̀dà ní gbogbo òru. Ẹ má fi bo mọ́tò tó dọ̀tí, ẹ má fi bo èyí tó tutù. Tó bá jẹ́ tapólì nìkan lẹ rí, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ láìbò, òjò lórí wax tó dáa sàn jù ú lọ.

Àwọn tó kù ò pọ̀. Ẹ fẹ́ táyà kó le, ẹ má fa handbrake, ẹ fi jíà sí i kẹ́ ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ so bátìrì mọ́ ṣájà kékeré tó ń dá ara ẹ̀ dúró tàbí kẹ́ ẹ tú orí ẹ̀. Ẹ má ní kí àbúrò kan máa wá tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, omi nìyẹn ń kó sínú sàléńsà.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má fọwọ́ nu eruku tẹ́ ẹ bá bá lórí ẹ̀. Omi kọ́kọ́. Tí ẹyẹ bá ti ṣu sí i, ẹ fi àkísà tútù lé e lórí kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó nù ún. Ẹ wo MOT bóyá ó ti parí nígbà tẹ́ ẹ wà nílé, torí ẹ ò lè san owó orí mọ́tò láìsí MOT, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n sì gbà kẹ́ ẹ wa mọ́tò tó wà lórí SORN dé ni ibi MOT tàbí àyẹ̀wò míì tẹ́ ẹ ti bá ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀, ìnṣọ́ránsì sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá san owó orí ẹ̀ ni SORN parí.