Bí ẹ ṣe lè mọ nǹkan tó wà nínú eruku tó ń fò lójú òkun

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù yín létí òkun yẹn kì í ṣe atẹ́gùn lásán o. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀, eruku aṣálẹ̀ wà nínú ẹ̀, èéfín oko tí wọ́n sun wà ńbẹ̀, nǹkan táwọn ewéko tíntìntín inú òkun ń tú jáde náà wà ńbẹ̀. Ọyẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ètè wa bó yẹn, tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀dọ̀ wa ló ń parí ìrìn ẹ̀ sí, rárá o, ó ń kọjá sórí òkun Àtìláńtíìkì ni, lásìkò ọyẹ́ ó máa ń dé Gúúsù Amẹ́ríkà, tó bá wá di oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, eruku Sàhárà á gba òkè lọ sí Kàríbíà. Ní erékùṣù Barbados tó wà ní Kàríbíà, látọdún 1965 ni wọ́n ti ń gba eruku yẹn jọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni mo máa tẹ̀ lé, torí ó ṣeé ṣe létíkun èyíkéyìí.

Pọ́ǹpù lẹ máa fi fa atẹ́gùn gba inú filter kọjá, ìyẹn pépà tó ń sẹ́ eruku àti iyọ̀ kúrò nínú atẹ́gùn. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé pọ́ǹpù yẹn sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ní Barbados, Ragged Point ni wọ́n lò, ìlà oòrùn erékùṣù náà ló wà, ìlà oòrùn yẹn sì ni atẹ́gùn ti ń wá, omi lásán ló wà láàárín òun àti Áfíríkà. Ẹ gbé filter sókè lórí tówà, torí tó bá wà nílẹ̀, ìgbì tó ń lu àpáta á kàn máa ta omi iyọ̀ sí i lára ni. Kẹ́ ẹ wá so pọ́ǹpù mọ́ ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó máa kú fúnra ẹ̀ tí atẹ́gùn bá yí wá láti ìlú tàbí tójò bá ń rọ̀. Ẹ má fojú kékeré wo èyí, wákàtí kan péré tí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá fi wọlé, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bà jẹ́.

Pépà filter tí wọ́n fi cellulose (nǹkan tó wà lára igi àti òwú) ṣe, bíi Whatman 41, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́, tẹ́ ẹ bá fi ìka kan ṣoṣo kàn án, iyọ̀ ara yín lẹ máa wọ̀n. Ẹ sì mú filter òfìfo kan dání, ẹ tò ó sínú ẹ̀rọ bíi tàwọn yòókù, ẹ má tan pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ yọ ọ́ padà. Blank la máa ń pè é. Mo ti fò ó rí nígbà tí mo ń kánjú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wọn nǹkan tí mi ò lè yà kúrò lára èyí tó wà nínú pépà fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù, ó dùn mí gan-an.

Tẹ́ ẹ bá yọ filter lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ wò ó ná kẹ́ ẹ tó gé e. Tó bá jẹ́ iyọ̀ nìkan, funfun ló máa wà, á sì máa rin díẹ̀ torí iyọ̀ ń fa omi. Tí eruku Sàhárà bá dé, á pupa rúsúrúsú bí ìgbà téèyàn fi aṣọ funfun nu fèrèsé lásìkò ọyẹ́. Èéfín ní tiẹ̀ á sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, tàbí dúdú.

Ẹ gé e sí mẹ́rin. Ẹ rẹ ìdá kan sínú omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú ẹ̀, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé omi yẹn lọ sórí ion chromatograph ní làábù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwọn nǹkan tó yọ́ sínú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sọ iye sódíọ̀mù, kílóráìdì, súféètì, náítíréètì, pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù fún yín. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Omi òkun fúnra ẹ̀ ní súféètì nínú, gbogbo gíráàmù kan sódíọ̀mù inú òkun ló ń gbé gíráàmù 0.252 súféètì dání. Ká ní nínú kúbíìkì mítà kan atẹ́gùn, ẹ rí máíkírógíráàmù 4 sódíọ̀mù àti 2.5 súféètì. Ẹ fi 0.252 táìmsì 4, ó ń lọ sí 1, ẹ yọ 1 kúrò nínú 2.5, ó ku 1.5. 1.5 yẹn ni iyọ̀ òkun ò gbé wá: ara ẹ̀ wá látinú gáàsì DMS (dimethyl sulphide) tó ń wá látara àwọn ewéko tíntìntín yẹn, ìyókù látinú èéfín ọkọ̀ ojú omi, ilé iṣẹ́ àti igbó tó ń jó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewéko òkun lọ́wọ́ sí i, ẹ wá methanesulphonate, torí inú DMS ló ti ń wá. Bákan náà lẹ máa ṣe pòtásíọ̀mù pẹ̀lú 0.037 àti kálísíọ̀mù pẹ̀lú 0.038. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára pòtásíọ̀mù sábà máa ń jẹ́ ti èéfín, ti kálísíọ̀mù jẹ́ ti eruku.

Kílóráìdì ló máa ń wú mi lórí jù. Ó yẹ kó jẹ́ 1.8 sí gíráàmù kan sódíọ̀mù, ìyẹn 7.2 nínú àpẹẹrẹ wa. Tẹ́ ẹ bá wá rí 6, ẹ̀rọ yín ò bà jẹ́ o. Ásíìdì ló pàdé iyọ̀ náà lójú ọ̀nà, ó lé kílóráìdì jáde bíi gáàsì, náítíréètì tàbí súféètì jókòó sáyè ẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù lára eruku ò ní yọ́ sínú omi, torí náà ẹ fi omi ṣan ìdá kejì lẹ́ẹ̀mẹta kí iyọ̀ lọ, kẹ́ ẹ sun ún nínú fọ́nẹ́sì (ààrò làábù tó ń gbóná gan-an) ní 500°C mọ́jú. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lo cellulose nìyí, á jó tán pátápátá, filter onígíláàsì ò lè jó. Eérú pupa díẹ̀ ló máa kù. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yọ eérú ti blank kúrò, ẹ fi 1.3 táìmsì ìyókù torí iná ti gbé díẹ̀ lọ lára erùpẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì rántí pé ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ sun.

Ìdá méjì tó kù, ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá tó dé pa, kó wọ fírísà. Ẹ kọ déètì sí i lára, wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́, àti kúbíìkì mítà atẹ́gùn tó gba inú ẹ̀ kọjá.