Ẹ̀yin Oníwáìnì Tó Fẹ́ Ṣí Ilé Oúnjẹ, Ẹ Yé Fowó Ṣòfò

Ó jọ pé kò sẹ́ni tó ń ta wáìnì fún òde àríyá ní Lọ́ńdọ̀nù yìí tí kò fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́gbọ́n, ìtàn Daniel Nicols ni wọ́n máa rọ́ fún yín: oníwáìnì ará Faransé tó gúnlẹ̀ síbí lọ́dún 1863 pẹ̀lú £5, tó sì dá Café Royal, ilé oúnjẹ olókìkí nílùú yìí, sílẹ̀. Ìtàn náà ti sú mi. Mo ti ń dáná tà tipẹ́ nílùú yìí, ìdí ìkòkò ni irun mi ti funfun, kí ẹ jẹ́ kí n bá yín wí.

1. Ẹ má fo ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Daniel Nicolas Thévenon lorúkọ ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, gbèsè ló sì lé e kúrò ní Paris. £5 yẹn nìkan kọ́ ló kó wá: ó mọ wáìnì dáadáa, Célestine ìyàwó rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, 1865 ló tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Glasshouse Street. Ẹ̀yin á gba owó àjọ lóṣù Kẹta, ẹ fẹ́ ṣílé oúnjẹ lóṣù Karùn-ún.

2. Ẹ má ta ọtí láìgba àṣẹ. Ti ilé lọ́tọ̀, ti ẹni tó ń bójú tó títà rẹ̀ lọ́tọ̀.

3. Ẹ má fi àjẹkù òde àríyá ṣe wáìnì ilé oúnjẹ. Ẹnìkan kó páálí wáìnì pupa wá bá mi, ó dùn bí omi ṣúgà, ó ní òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó gbé e padà sí ibi ìkómọ. Wáìnì tó wà ní àjà ilẹ̀ Café Royal nígbà náà lọ́hùn-ún dára débi pé àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀ láyé.

4. Ògiri! Ẹ̀yin èèyàn mi, ògiri! Ẹ ti rí àwòrán Café Royal: dígí ńláńlá, wúrà lára àjà, àga pupa, ibi tí Oscar Wilde òǹkọ̀wé àti Whistler ayàwòrán ti ń jókòó láyé ìgbà yẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rà náà nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan pè mí kí n wá wo ṣọ́ọ̀bù òun. Wúrà lókè, iná ńlá ń rọ̀ dirodiro, lẹ́tà K, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, wà lára gbogbo àwo. Mo wọ kíṣìnì: sítóòfù kan ṣoṣo, kò sí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín. Mo ní níbo lo ti máa dín dòdò? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó mú ìwé àdéhùn ilé wá, ó ní lọ́yà onílé ló ṣe é, òun kò tíì kà á. Mo kà á. Onílé lè gbalé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí gbogbo wúrà yẹn ṣe máa di tirẹ̀ nìyẹn.

Nicols ò bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ilé àwọn aládùúgbò mọ́ tirẹ̀ títí ó fi yọ sí Regent Street. Òun náà gan-an, ilẹ̀ ọba ló wà. Ó kú lọ́dún 1897, Célestine di ibẹ̀ mú títí òun náà fi kú lọ́dún 1916. Nígbà tí àdéhùn ilẹ̀ parí, wọ́n wó ilé àtijọ́ náà ní àwọn ọdún 1920, wọ́n sì kọ́ òmíràn. Bí wọ́n bá lè wó Café Royal, kí ni onílé tìrẹ ò lè ṣe?

Mi ò mọ nọ́ńbà tá a dé mọ́. Ẹ má ta àwìn. Ẹ má sì dúró de gbajúmọ̀: àwọn ará Faransé tí oúnjẹ ilé ń wù ló kọ́kọ́ kún ọ̀dọ̀ Nicols, kí Wilde tó dé.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti padà sídìí wáìnì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K, ó ní àwo fún títà.