Ìwé Ìtọ́sọ́nà Lórí Fífi Purotéènì Tún Irun Tó Bàjẹ́ Ṣe

Ìwé yìí wà fún ẹni tí irun rẹ̀ ń já lójoojúmọ́, tí ó ń rí ègé irun kéékèèké lórí ìrọ̀rí àti lára ẹ̀wù rẹ̀, tí ó sì ti ra oríṣiríṣi ìpara tí a kọ purotéènì sí lára láìrí ìyàtọ̀. Ó wà pẹ̀lú fún òbí tó ń tọ́jú irun ọmọ, fún onídìrí tí àwọn oníbàárà ń bi ní ìbéèrè, àti fún àgbẹ̀ tí oòrùn ń pa lórí láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Purotéènì wúlò fún irun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ ní ibi tó mọ. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ yóò ná owó rẹ̀ dànù, ó sì lè fi kún ìbàjẹ́ tó ń gbìyànjú láti dá dúró.

Ìdí tí irun kì í fi wo ara rẹ̀ sàn

Irun tí a ń rí lórí kò ní ẹ̀mí. Ìdí rẹ̀ nìkan ló wà láàyè, nínú ihò kékeré tó wà lábẹ́ awọ orí, níbi tí ara ti ń lo oúnjẹ tí a jẹ láti hun ún. Bí ó bá ti yọ síta, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ ìrora, èyí ni kì í jẹ́ kí gígé rẹ̀ dunni. Bí ọwọ́ bá bó, awọ tuntun yóò bò ó, ṣùgbọ́n bí irun bá là, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó lè pa ojú ibẹ̀ dé. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní àtúnṣe irun kì í ṣe ìwòsàn rárá. Àbùlẹ̀ ni, bí èyí tí a ń fi sí aṣọ tó ya kí ó lè ṣeé wọ̀ títí a ó fi rí òmíràn.

Púpọ̀ jù lọ nínú irun jẹ́ purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kẹratíìnì, òun náà ló wà nínú èékánná. Nínú irun, kẹratíìnì wà bí okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tí a lọ́ mọ́ra wọn. Lóde, ó wà bí ìpẹ́ ẹja, ìpele lórí ìpele, tí èyí tó wà lókè ń gun orí èyí tó wà nísàlẹ̀, bí páànù ṣe ń gun ara wọn lórí òrùlé. Bí ìpẹ́ wọ̀nyí bá dùbúlẹ̀ dáadáa, irun á máa dán, òòyà á sì máa kọjá lára rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá dìde tàbí tí wọ́n ṣí kúrò, irun á há, á máa lọ́ mọ́ra, omi á sì máa wọ inú rẹ̀ kíákíá, á tún máa jáde kíákíá.

Ìdè méjì ló yẹ kí a mọ̀ nínú okùn wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ kò lágbára, omi lásán ń tú u, ó sì ń padà so bí irun bá gbẹ. Òun ló fà á tí irun tí a fọ̀ tí a sì dì ní tútù fi ń mú ìrísí tí a dì í sí. Èkejì lágbára gan-an, imí ọjọ́ ló so ó pọ̀, kò sì sí omi tó lè tú u. Ìdè kejì yìí ni ìpara líle tí a fi ń na irun ń já, purotéènì inú ìgò kò sì lè so ó padà.

Ohun tó ń ba irun jẹ́

A máa ń fi ìwọ̀n pH mọ bí nǹkan ṣe kan tó tàbí bí ó ṣe le tó, láti 0 títí dé 14, omi tó mọ́ sì wà ní 7. Awọ orí sún mọ́ 5.5. Ìpara tí a fi ń na irun, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní relaxer, máa ń kọjá 12. Bí a bá fi pa irun tó ti nà tẹ́lẹ̀, tàbí tí a fi sílẹ̀ ju àsìkò tí a kọ sí ara rẹ̀ lọ, okùn inú irun á dẹ̀ títí tí kò fi ní lágbára mọ́. Irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní ìdí nìkan ni kí ẹ fi kàn, kí oṣù méjì sí mẹ́rin sì wà láàárín ìgbà kan àti èkejì. Èyí tí a fi ń bó àwọ̀ dúdú kúrò lára irun burú bákan náà, nítorí pé ó ní láti la ìpẹ́ kọjá kó tó dé ibi tí àwọ̀ wà.

Ooru ni èkejì. Bí a bá fi irin gbígbóná na irun tí kò tíì gbẹ, omi inú irun á hó, á di oru, á sì wú bí ìfófòó láàárín okùn kẹratíìnì. Bí a bá wò ó lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi, ihò ló kún inú irun bẹ́ẹ̀. Kò sí ìpara tó lè dí i. Èyí ni mo ka sí ìwà àìbìkítà tó ń ba irun jẹ́ jù nínú ilé, nítorí pé ìkánjú lásán ló ń fà á.

Oòrùn náà ń jẹ purotéènì inú irun díẹ̀díẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbangba dé fìlà tàbí kí ó wé gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; ìyẹn sàn ju ìpara èyíkéyìí tí a bá fi pa á lẹ́yìn náà. Irun tó lọ́ kókó máa ń já ní ibi tí ó ti ṣẹ́ kọ́rọ́, nítorí náà ó nílò ìṣọ́ra ju irun tó nà lọ nígbà tí a bá ń yà á.

Bí purotéènì ṣe ń ṣiṣẹ́ lára irun

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn gígùn, tí okùn náà sì ká jọ. Okùn gígùn bẹ́ẹ̀ kò lè gba abẹ́ ìpẹ́ irun wọlé. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ìpara fi ń gé e sí ègé kéékèèké, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sì rí lára ìgò ni "hydrolyzed", tí orúkọ orísun rẹ̀ á tẹ̀ lé e: keratin, silk, wheat tí í ṣe àlìkámà, soy tí í ṣe ẹ̀wà sóyà, tàbí collagen tí a ń rí nínú awọ àti egungun ẹran. Àwọn ègé tí kò tó 1,000 dalton, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ègé purotéènì ṣe tóbi tó, ló rọrùn jù fún láti wọ inú irun. Àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lóde, wọ́n á dí ibi tí ìpẹ́ ti ṣí, irun á sì dà bí èyí tó nípọn sí i. Iṣẹ́ méjèèjì dára, ṣùgbọ́n fífọ̀ ń ṣan wọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ní láti máa tún un ṣe.

Ibí yìí ni a ó ti sọ ti ẹyin. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń po ẹyin tútù mọ́ òróró tí wọ́n sì ń fi pa irun, nítorí pé ẹyin ní purotéènì. Òótọ́ ni pé ó ní in, ṣùgbọ́n purotéènì tó pọ̀ jù nínú funfun ẹyin tó nǹkan bí 45,000 dalton, kò sì sí bí ó ṣe lè wọ inú irun. Ọ̀rá inú pupa rẹ̀ lè mú irun rọ̀ díẹ̀, ìyẹn nìkan náà ni. Bí a bá sì fi omi gbígbóná ṣan án, yóò jinná sórí irun, yíyọ rẹ̀ á sì tún já irun mìíràn. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ jẹ ẹyin náà. Ó wúlò fún irun ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá purotéènì ni irun yín ń fẹ́

Ẹ kọ́kọ́ yẹ irun tó wà lára òòyà wò. Orí àgbàlagbà ní nǹkan bí 100,000 irun, kò sì burú bí 50 sí 100 bá tu lójúmọ́. Èyí tó tu láti ìdí gùn, ó sì ní kókó funfun kékeré ní òpin kan. Èyí tó já nítorí ìbàjẹ́ kúrú, kò sì ní kókó kankan. Bí ó bá jẹ́ pé láti ìdí ni irun ń tu lọ́pọ̀lọpọ̀, tàbí tí orí ń pá ní ojú kan, ẹ lọ rí dókítà, nítorí ohun tí a fi pa ara irun kò dé ibi tí àìsàn náà wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú irun mélòó kan tó tu fúnra rẹ̀, láti apá ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní orí, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ sì rọra fà á ní òpin méjèèjì. Irun tútù tí ara rẹ̀ le máa ń fà díẹ̀: èyí tó gùn ní 10 cm lè fà dé nǹkan bí 13 cm, yóò sì padà sí bó ṣe wà. Bí ó bá ń fà ṣáá bí rọ́bà tó ti gbó, tí kò padà, tí ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó tutù, purotéènì ló ń fẹ́. Bí kò bá fà rárá, tí ó kàn ṣẹ́ pẹ́rẹ́ bí koríko gbígbẹ, omi àti òróró ló ń fẹ́, purotéènì á sì tún mú un le sí i. Àwọn kan máa ń ju irun sínú ife omi láti wò ó bóyá yóò rì. Ẹ má fọkàn tẹ ìyẹn, nítorí pé òróró díẹ̀ lára irun tàbí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè mú un léfòó.

Lílò rẹ̀

Ẹ fọ irun pẹ̀lú ṣámpù kí ìdọ̀tí àti òróró àtijọ́ kúrò, nítorí purotéènì kì í lẹ̀ mọ́ irun tí ọ̀rá bò. Ẹ fi aṣọ ìnura fún omi rẹ̀ láìrà á, kí ó kù ní ọ̀rinrin. Ẹ pín irun sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ìpara purotéènì náà pa á láti àárín lọ sí ṣóńṣó, níbi tó ti gbó jù. Irun ìdí ṣì jẹ́ tuntun, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó fún iye ìṣẹ́jú tí a kọ sí ara ìgò, ẹ má sì fi kún un. Àwọn ìpara purotéènì líle kan máa ń gan bí ó bá gbẹ lórí. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí òòyà kàn án lásìkò yìí, torí irun yóò ṣẹ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án títí omi yóò fi mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kọndíṣọ́nà tó ń mú irun rọ̀ pa á, kí ẹ sì fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yà á láti ṣóńṣó gòkè lọ sí ìdí.

Ìpara purotéènì tó le kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kọndíṣọ́nà tí purotéènì inú rẹ̀ kò pọ̀ lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í gan, tí ó ń dún wáráwárá lọ́wọ́ tí ó sì ń ṣẹ́, purotéènì ti pọ̀ jù. Ẹ dá a dúró pátápátá, kí ẹ máa lo ìpara tí kò ní i nínú títí irun yóò fi tún rọ̀.

Òróró àgbọn yẹ fún ẹni tí kò lè ra ìpara olówó ńlá. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 fi í wé òróró sunflower àti òróró tí a fà láti inú epo rọ̀bì, òun nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dín purotéènì tó ń jò kúrò nínú irun kù, yálà a fi pa irun ṣáájú fífọ̀ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kò fi purotéènì kún irun. Ó ń dáàbò bo èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ẹ má ṣe ka ohun tí wọ́n ń pè ní keratin treatment, tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ mọ́ irun kó lè nà, sí ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ní kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ formaldehyde tàbí ohun tó ń di formaldehyde bí ooru bá kàn án. Ní ọdún 2004, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi formaldehyde sí ipò àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ wo ara ìgò fún formaldehyde, formalin tàbí methylene glycol. Bí ojú bá ń ta yín, tí ọ̀nà ọ̀fun sì ń hún yín nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ jáde. Onídìrí ló ń fà á símú lójoojúmọ́, àníyàn mi lórí rẹ̀ sì ju ti oníbàárà lọ.

Ara àwọn kan kì í sì í gba purotéènì kan. Ní Japan, ọṣẹ ìfọjú kan tó ní purotéènì àlìkámà tí a gé kéékèèké kó àìsàn bá ohun tó lé ní 2,000 ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè jẹ oúnjẹ alálìkámà mọ́ láìṣe àìsàn. Ẹ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 48 kí ẹ tó fi pa orí.

Irun tó ń bọ̀

Àgbàlagbà nílò purotéènì tó nǹkan bí 0.8 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n lóòjọ́. Ẹni tó wọ 60 kílò nílò 48 gíráàmù. Bí oúnjẹ bá kù díẹ̀ káàtó fún ìgbà pípẹ́, irun tó ń hù yóò tínrín, kò sì sí ìpara tó lè dípò rẹ̀. Bí irun ọmọdé bá ń fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe ra ìpara.

Ṣóńṣó tó ti là, gígé nìkan ni ọ̀nà àbáyọ rẹ̀, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ yóò máa là gòkè. Irun ń hù ní nǹkan bí 1 cm lóṣù. Ẹni tí irun rẹ̀ gùn ní 20 cm, tí ó sì dẹ́kun ohun tó ń bà á jẹ́ lónìí, lè máa gé 1 cm kúrò lóṣù méjì-méjì, kí ó máa fi purotéènì di ìyókù mú, kí ó sì máa ṣọ́ ibi tí irun tuntun àti irun àtijọ́ ti pàdé, torí pé ibẹ̀ ló ti máa ń já jù. Yóò tó bí ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin kí irun àtijọ́ tó tán lórí rẹ̀.