Ihò kámẹ́rà kì í ṣe ẹnu ẹyẹ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya fótò

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìlọrin, tí Òkè Ṣóbì wọ inú kùrukùru tán, ẹ máa rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó ra kámẹ́rà lóṣù tó kọjá yọ lẹ́ǹsì kan, ó dojú ihò kámẹ́rà sókè, ó wá ń fọwọ́ tú báàgì kiri lórí lẹ́ǹsì kejì. Ihò náà là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ. Oúnjẹ sì dé: eruku. Kò pẹ́, wọ́n á ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, àwọn fẹ́ ra òmíràn. Kámẹ́rà ò bàjẹ́ o. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ń gbà jáde jù.

Àkọ́kọ́, pípààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú ọyẹ́. Ẹ pa kámẹ́rà. Ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, tàbí kí ẹ wọ inú mọ́tò, kí ẹ ti fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì kejì kí ó rọ̀, kí ẹ tó yọ ti àkọ́kọ́. Ojú ihò kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa wo ilẹ̀ títí lẹ́ǹsì tuntun á fi wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé lẹ́ǹsì méjì lẹ máa lò lọ́jọ́ ọyẹ́, ẹ yan ọ̀kan nílé, kí ẹ fara mọ́ ọn.

Bí eruku bá ti wọlé ńkọ́? Ẹ gbé kámẹ́rà sí f/16 (f ni ìwọ̀n ojú lẹ́ǹsì; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú náà ń kéré), ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó), ẹ ya ojú ọ̀run tó mọ́ tàbí ògiri funfun, ẹ má jẹ́ kí fókọ́ọ̀sì mú un. Àmì dúdú róbótó tẹ́ ẹ bá rí, tó sì wà níbì kan náà nínú gbogbo fótò, eruku orí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán, nìyẹn. Ní f/2.8 kì í hàn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ya ojú ènìyàn nìkan kì í fi mọ̀ títí ọjọ́ tó bá gun òkè lọ ya ìlú ní f/11.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ tó bá ta sí i á gbẹ mọ́ ọn, á sì burú ju eruku lọ. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ inú agolo fẹ́ ẹ pẹ̀lú, torí omi inú rẹ̀ lè tú jáde. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí à ń fọwọ́ tẹ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ fi bátìrì tó kún sínú kámẹ́rà, ẹ wọ mẹ́nù, ẹ yan ibi ìfọ̀mọ́ sẹ́ńsọ̀ kí dígí inú rẹ̀ gbéra, ẹ dojú kámẹ́rà bolẹ̀, ẹ tẹ bọ́ọ̀lù nígbà mẹ́wàá. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún, nítorí bí iná bá tán láàárín, dígí á já lu ohun tó bá wà nínú ihò. Bí àmì náà kò bá lọ, ó kan swab, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tí aṣọ rírọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀: èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 16 fún sẹ́ńsọ̀ kékeré (APS-C), 24 fún ńlá (full frame). Ẹ kán omi ìfọ̀mọ́ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré sí i, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀tún sí òsì, ẹ yí i padà, ẹ fà á padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ nù. Àwọn kan máa ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí owó má baà ṣòfò. Wọ́n á sì fi yanrìn àkọ́kọ́ ha sẹ́ńsọ̀ náà.

Ìkejì, gbogbo owó lọ sórí kámẹ́rà, lẹ́ǹsì tó bá a wá ló kù. Lẹ́ǹsì 18-55mm yẹn (bí nọ́ńbà mm bá kéré, ó ń rí ibi tó fẹ̀; bó bá tóbi, ó ń fa nǹkan sún mọ́ni), bí ẹ bá fà á jáde tán, f/5.6 ló máa dúró sí. Lẹ́ǹsì f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ ra ara kámẹ́rà tòkunbọ̀, kí ẹ fi owó tó kù ra lẹ́ǹsì. Àmọ́ 50mm lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré á lé yín gun ògiri bí ẹ bá wà nínú pálọ̀ kékeré. 35mm ló dáa níbẹ̀.

Ìkẹta, ríra tòkunbọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tan iná fóònù sí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kí ẹ wò ó láti iwájú. Ohun tó bá rí bí okùn aláǹtakùn, èbu ni, ẹ má rà á. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí bí ẹ bá ya fótò, ti ṣí. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ni wọ́n ṣe fún nǹkan bí ìgbà 100,000.

Nígbà òjò, ẹ má tọ́jú lẹ́ǹsì sínú báàgì aláwọ. Inú ike tí ìdérí rẹ̀ le ni kó wà, pẹ̀lú silica gel, hóró kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ má fi ìrẹsì dípò rẹ̀, eruku rẹ̀ á wọ ojú lẹ́ǹsì.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹrin, ẹ kà á fúnra yín: agbádá funfun. Kámẹ́rà fẹ́ kí gbogbo nǹkan dà bí eérú, torí náà bí funfun bá kún inú fótò ọjọ́ ọdún, á sọ gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, ojú àwọn ènìyàn á sì rì. Ẹ fi +1 kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ níbi àmì +/- lára kámẹ́rà, ẹ ya RAW, fáìlì tó ṣeé tún ṣe dáadáa lẹ́yìn náà. Láàárín agogo mọ́kànlá sí mẹ́ta, ẹ kó wọn lọ sábẹ́ dóńgóyárò, kí fìlà má baà fi òjìji bo ojú.

Ẹṣin nígbà Iléyá, níwájú ààfin Ẹ́míà: ẹ gbé ìyára ṣọ́tà sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ má tan fíláàṣì, ẹ má sì dúró sẹ́yìn ẹṣin.

Mẹ́mọ́rì káàdì 256GB olówó pọ́ọ́kú: ẹ fi H2testw, ètò tó ń sọ bóyá ààyè inú káàdì pé, yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. 64 méjì sàn ju 256 kan lọ. Bí fótò bá pòórá, ẹ má ya òmíràn sórí káàdì náà. Ẹ yọ ọ́, ẹ lo PhotoRec, ètò tó ń wá fótò tó pòórá padà.

Omi Ọ̀wù tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, lọ́nà Ọ̀wá Kájọlà. Àwọn kan á lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ti tín-ín-rín, tàbí kí wọ́n lọ lọ́sàn-án láìmú fílítà ND, dígí dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, dání, kí wọ́n wá máa bú kámẹ́rà pé omi ò rọ̀ bí òwú. ND64, ISO 100, f/11, ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta (tripod), kí ẹ pa ohun tó ń dá lẹ́ǹsì dúró kó má mì. Fílítà UV, tó mọ́ gaara, kì í ṣe ND o. Ẹ mú aṣọ ìnu-lẹ́ǹsì mẹ́ta, torí ìkán omi ò ní dá yín sí.

Ní Èsìẹ́, níbi àwọn ère òkúta, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde. Bí wọ́n bá gbà, ISO 1600 tàbí 3200, ṣọ́tà 1/60, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Drone, kámẹ́rà tó ń fò: NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Ìlọrin, ẹ kí wọn kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ ká ya yín." Bí ẹ bá ṣèlérí fótò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé 5x7, ẹ mú un padà wá. Fóònù ọmọ wọn lẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí, WhatsApp á sì ti tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document.