Bẹ́ ẹ ṣe lè fi eré ìdárayá so àwọn ará ọ́fíìsì yín pọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Marina àti Broad Street, tẹ́ ẹ máa ń jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kẹ́ ẹ tó tún wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ara yín nílò eré o. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹ lè jọ ṣe díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ọ́fíìsì yín léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni eré, ẹ fi ìrìn, ijó àti okùn fífà kún un.

Pínpín ẹgbẹ́ gan-an lọ̀rọ̀ wà: ẹ má kó àwọn akáńtì sápá kan, ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ọ̀gá, dírẹ́bà àti sìkìọ́ríìtì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, torí ẹni tẹ́ ẹ bá ti jọ fa okùn, ara ẹ máa ń yá láti bá yín sọ̀rọ̀ tó bá di Mọ́ńdè, èmi fẹ́ràn èyí gan-an.

Fún ìrìn, Ndubuisi Kanu Park ní Aláùsá dáa fún àwọn ará Ìkẹjà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ sì tètè ṣe tán torí òde pọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbé omi dání dáadáa. Ẹni tó lóyún tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fipá mú un, ẹ jẹ́ kó di aago mú tàbí kó ṣe rẹfirí. Owó ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ni kó san án.