Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ láti London wá họ́lídè l'Ékòó

Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ yẹ páspọ́ọ̀tù ọmọ wò o, torí tọmọdé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 5 péré ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe 10 bíi tàgbà. Abẹ́rẹ́ yellow fever ńkọ́? Ọmọ tó bá ti pé oṣù 9 lè gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Oògùn tí ò ní jẹ́ kí ibà ẹ̀fọn mú wọn, kílò ọmọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní tàgbà láéláé. Pámpáàsì, aṣọ ìpààrọ̀ àti oúnjẹ ọmọ, báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Kí màmá àgbà ti ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sórí bẹ́ẹ̀dì dè yín.